Bí A Ṣe Ń Wá Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ń Jáwọ́ Nínú Ọtí, àti Bí A Ṣe Ń Bá Wọn Jókòó

Àgbẹ̀ mọ àáró. Lónìí a kọ ebè lóko Làgbájá, lọ́la a dé oko Tàmẹ̀dò. Kò sẹ́ni tó ń gbowó, kò sí ọ̀gá níbẹ̀, ẹni tó bá sì ti bá ẹlòmíì kọ ebè mọ̀ pé tòun náà kò ní kù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí rí. Àwọn tí ọtí ti ba oko, ilé àti àpò wọn jẹ́ ló ń jókòó pọ̀, tí kálukú ń sọ bó ṣe rí fún un, kí wọ́n lè lo ọjọ́ òní láìmu.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Alcoholics Anonymous, tí wọ́n ń pè ní AA. Ọdún 1935 ni Bill Wilson àti dókítà Bob Smith dá a sílẹ̀ ní ìlú Akron, ní Amẹ́ríkà. Ọtí ti fojú àwọn méjèèjì rí màbo, wọ́n sì ṣàkíyèsí pé nígbà tí ọ̀mùtí bá ń bá ọ̀mùtí ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà máa ń wọlé ju ìwàásù lọ. AA wà ní Nàìjíríà náà. Ẹ ò ní san owó ìwọlé, wọn kì í sì í kọ orúkọ èèyàn sínú ìwé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kó wù yín láti jáwọ́. Kì í ṣe ti ìjọ kankan: Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe lè jókòó níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ gbọ́ èyí ná. Ẹni tó bá ń mu lójoojúmọ́, tó jẹ́ pé bó bá jí, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n títí á fi gbé paraga tàbí ọtí ọlọ́rà kan mì, kò gbọdọ̀ ṣàdédé dá ọtí dúró nílé. Láàárín wákàtí 6 sí 48, gìrì bíi ti wárápá lè gbé e. Bó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kó máa sọ ìsọkúsọ, kí ara rẹ̀ máa gbóná. Ó máa ń pààyàn. Ẹ má pè é ní iṣẹ́ ayé, ẹ má sì gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti fún un lóògùn tó ń mú ara rọlẹ̀ àti fítámì B1, kó tó di pé ó ń lọ sí ìpàdé.

Ọsibítù yìí kan náà ló dára jù láti béèrè ibi tí ẹgbẹ́ wà. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tí ọtí àti oògùn olóró ti mú ní Aró, Abẹ́òkúta, tàbí ní ọsibítù ọpọlọ ní Yábàá, Èkó, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi. Ẹni tó bá ní fóònù àti dátà lè wá ìpàdé AA tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìtìjú bá ń mú yín, ìlú kejì ni kẹ́ ẹ lọ. Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé inú gáréèjì ni àwọn oníparaga pọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan sìn yín títí ọkọ̀ á fi gbéra, kí owó ọwọ́ yín má sì ju owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ lè jókòó sẹ́yìn kẹ́ ẹ máa gbọ́. Wọn ò ní fi dandan mú yín sọ̀rọ̀, orúkọ kan péré sì ti tó. Bí wọ́n bá ń gba owó tíì àti owó iyàrá, kò pọn dandan fún àlejò. Ìpàdé kan wà tí ẹbí lè bá yín wọ̀, òmíràn sì wà tó jẹ́ ti àwọn tọ́rọ̀ kàn nìkan, nítorí náà ẹ béèrè ṣáájú. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà ẹnìkan tó ti pẹ́ láìmu, tẹ́ ẹ lè pè lóru bí òùngbẹ ọtí bá dé. Ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ níbẹ̀, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ ẹ bá sì mu lánàá, ẹ ṣì lọ. Ọ̀pọ̀ ń sá fún ìpàdé nítorí pé wọ́n ti tún mu, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n nílò rẹ̀ jù.

Oko wa náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ògógóró tí a ń gbé síwájú àwọn tó wá bá wa ṣe ọ̀wẹ̀ kò dára fún ẹni tó ń gbìyànjú láti jáwọ́. Ẹ̀kọ, àkàrà àti omi tútù tó láti fi ṣe wọ́n lálejò. Lọ́jọ́ tí owó kòkó bá dé, ẹ jẹ́ kí ìyàwó tàbí akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbà á sọ́wọ́.

Àwọn aya, ìyá àti ọmọ ní ẹgbẹ́ tiwọn, Al-Anon, tí Lois, ìyàwó Bill Wilson, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1951. Ẹ̀yin ìyá, kò di dandan kí bàbá gbà kó tó di pé ẹ̀yin wá ẹni tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀.

Bí kò bá sí ẹgbẹ́ kankan nítòsí, èèyàn méjì tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, aago kan, àti bẹ́ńṣì kan lábẹ́ igi tó jìnnà sí ìsọ̀ ọtí. Bí ẹnìkejì kò bá wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ jókòó títí àkókò á fi pé, kẹ́ ẹ sì padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.