Bí mo ṣe wá ìdílé jíìnì tó gbòòrò lára ẹja àrọ̀

Ẹni tó bá ti ra àrọ̀ láàyè rí mọ̀ pé kì í tètè kú. Wọ́n á gbé e kúrò nínú omi, á ṣì máa jà nínú ọ̀rá, torí ó ní ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èyí hàn nínú jíìnì rẹ̀.

Clarias batrachus, ìbátan àrọ̀ tiwa tó wà ní Éṣíà, ni mo mú, torí wọ́n ti gbé jẹ́nómù rẹ̀, ìyẹn àpapọ̀ DNA rẹ̀, jáde ní 2018. Mo fi ẹja mẹ́ta mìíràn tì í láti fi wé e: zebrafish, medaka àti channel catfish ti Amẹ́ríkà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe kókó: onírùngbọ̀n bí àrọ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í mí afẹ́fẹ́.

Jíìnì kan lè mú oríṣi pùrótéènì mẹ́ta tàbí mẹ́rin jáde. Bí a bá kó gbogbo wọn wọlé, ọmọ kan ṣoṣo la ó kà sí ìbẹta. Nítorí náà, èyí tó gùn jù nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún jíìnì kọ̀ọ̀kan. Ètò kọ̀ǹpútà OrthoFinder pín wọn sí ìdílé-ìdílé, ìyẹn àwọn jíìnì tó ṣẹ̀ wá láti ara jíìnì kan náà. Mo ya igi ìran àwọn ẹja náà, mo gbé e fún CAFE, ètò tó ń wá ìdílé tí iye jíìnì inú rẹ̀ ti pọ̀ sí i tàbí dín kù.

Myoglobin, tó ń tọ́jú ọ́síjìn sínú iṣan, wà lára àwọn tó gbòòrò. Àwọn tó gbé jẹ́nómù náà jáde ti ka 15 lára ẹja yìí. Ẹyọ kan ni zebrafish ní. Síbẹ̀ mo yẹ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má lọ jẹ́ ibì kan náà ni wọ́n tò lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ku àṣàyàn àdánidá. Àyípadà DNA kan máa ń yí amino acid, ìyẹn ègé tí a fi ń kọ́ pùrótéènì, padà, òmíràn kì í yí i. Bí ìwọ̀n ti àkọ́kọ́ bá ju ti èkejì lọ, a jẹ́ pé àyípadà náà ń ṣe ẹja lóore. Codeml, ètò kan nínú àkójọ ètò PAML, ni mo fi wá a, lórí ẹ̀ka àrọ̀ nìkan lára igi ìran náà. Iṣẹ́ pọ̀ níbí o! Bí wọ́n bá to lẹ́tà jíìnì méjì síra lọ́nà tí kò bára mu, codeml á rò pé àṣàyàn ló fà á. Mo fi ètò PRANK tò wọ́n, mo gé etí tó rí jákujàku kúrò, mo sì fi ojú ara mi wo gbogbo èyí tó yege. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá lè jókòó wò wọ́n, kó má kéde ohunkóhun. Àwọn tó kù ni mo tò sínú tábìlì, pẹ̀lú ibi tí amino acid kọ̀ọ̀kan ti yí padà.