O gbàgbé ìwé rẹ o! Àṣìṣe àwa tí ojú ń tì láti polówó eré

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n lọ polówó eré orí ìtàgé wa l'Ọ́jà Ọba, Adó-Èkìtì, mo gbé ìwé ìpolówó kan sórí àtẹ ìyá aláta kan, mo sì yára kọjá. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn: "Ọmọ mi, o gbàgbé ìwé rẹ o!" Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, kí èèyàn máa há ìwé bí ẹni tó ń sá fún olówó.

Òmíràn ni kí o máa bẹ̀bẹ̀ kí o tó sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò ní pẹ́..." Kí lo ṣe? Ẹni tó ń pe èèyàn sí ìnáwó kì í tọrọ gáfárà. Ìpè ni ìwọ náà gbé wá.

Àmọ́ má torí ìyẹn fo ìkíni o. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan bá bàbá àgbàlagbà kan, ó ní "Tíkẹ́ẹ̀tì wa ò wọ́n." Bàbá ò tilẹ̀ gbójú sókè. Dọ̀bálẹ̀ tàbí kí o kúnlẹ̀, sọ pé "Ajé á wọgbá o," kí o sì dúró gbọ́ èsì. Bí oníbàárà bá wà níwájú wọn tó ń nájà lọ́wọ́, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi ò rí oògùn àyà jíjá tó dà bí ìkíni yìí. Láti kékeré lẹnu rẹ ti mọ̀ ọ́n. Kí o tó dé orí ọ̀rọ̀ eré, ohùn rẹ á ti là.

Má há ọ̀rọ̀ sórí. Gbólóhùn kan ló máa yọ́ lọ, gbogbo rẹ̀ á sì dàrú. Ta ni eré dá lé, wàhálà wo ló bá a, níbo, nígbà wo: ó tó. Ọtí tí àwọn kan ń mu kójú wọn lè le ńkọ́? Òórùn rẹ̀ ló máa ṣáájú wọn kí aráọjà.

Ní tèmi, dídá lọ ló burú jù. Àwọn òṣèré alárìnkiri ayé Hubert Ògúndé àti Kọ́lá Ògúnmọ́lá (Òkè-Mẹsí ní Èkìtì níbí ni wọ́n ti bí Ògúnmọ́lá lọ́dún 1925) máa ń fi ọkọ̀ yí ìlú ká tìlù-tìlù kí eré alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní ọkọ̀, ẹ mú onílù kan dání, kí ẹ wọ aṣọ eré. Àwọn ọmọdé á máa tọ̀ yín lẹ́yìn, àwọn ìyá wọn á sì bi yín pé kí ló dé. Ó rọrùn láti dáhùn ìbéèrè ju kéèyàn máa wá ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Bí ẹnì kan bá ní òun ò ráyè, má ká ìwé rẹ lọ sílé. Ìyá aláta yẹn ò tíì wá wo eré wa títí dòní, ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn ọmọ wọn ti wá.