Àṣìṣe Tí Àwọn Tó Ń Fi Òórùn Igi Dẹ Kòkòrò Páìnì Máa Ń Ṣe

Igi páìnì tó bá gbọgbẹ́ máa ń jo oje, òórùn oje náà á sì gba inú igbó. Òórùn yìí ni kòkòrò kékeré tó ń gbé abẹ́ èèpo igi ń tẹ̀ lé láti mọ ibi tí yóò yé ẹyin sí. Òun kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ igbó ń rọ sínú ike, tí wọ́n ń so mọ́ pàkúté, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí kòkòrò ti jáde àti bóyá wọ́n ń pọ̀ sí i. Iṣẹ́ tó wúlò gan-an ni. Ṣùgbọ́n ìpè ni òórùn náà, kì í ṣe májèlé, ẹni tó bá sì gbàgbé èyí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa igi tó fẹ́ dá sí.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó burú jù ti ń wá: kíkọ́ pàkúté sára páìnì, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Kì í ṣe gbogbo kòkòrò tó tẹ̀ lé òórùn ló ń kó sínú pàkúté. Ọ̀pọ̀ á balẹ̀ sítòsí, wọ́n á rí èèpo igi, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò. Ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Dendroctonus frontalis ti ń ba igbó páìnì jẹ́, abo tó bá kọ́kọ́ wọ igi á tú òórùn tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní frontalin. Frontalin àti òórùn oje ni yóò jọ ké sí àwọn yòókù, títí kòkòrò tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ yóò fi pọ̀ débi tí igi ńlá kò ní lè fara dà á. Ẹ ri òpó mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ so pàkúté sáàárín àwọn igi tí kì í ṣe páìnì, kí ó jìnnà sí páìnì tó sún mọ́ ọn jù tó mítà mẹ́wàá, kó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún tọ́pẹ́ńtáìnì, omi olóòórùn tí ẹ máa rà láti rọ sínú ike náà. Èyí tí wọ́n rí láti inú oje páìnì ló ní alpha-pinene, èròjà òórùn tí kòkòrò ń wá. Àwọn kan wà ní ilé ìtajà ọ̀dà tó jẹ́ pé inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti yọ wọ́n. Wọ́n lè fọ búrọ́ọ̀ṣì, wọn ò lè pe kòkòrò. Èyí tó jẹ́ ojúlówó náà máa ń bàjẹ́. Alpha-pinene tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ tí oòrùn sì ń pa yóò máa yí padà díẹ̀díẹ̀, verbenone sì wà lára ohun tó ń dà. Verbenone yìí gan-an ló ń sọ fún kòkòrò pé igi ti kún, kó wá ibòmíràn lọ! Ẹ dé e pa, ẹ gbé e sínú òtútù níbi tí kò sí oúnjẹ, kí iná má sì sún mọ́ ọn.

Àwọn mìíràn á ṣí ìdérí ike kalẹ̀ pátápátá, kí òórùn lè pọ̀. Ní ọ̀sán gbígbóná, gbogbo rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, pàkúté á wá dúró lásán. Ike tó ń jẹ́ kí òórùn máa yọ díẹ̀díẹ̀ ló dára.

Òórùn kan kò bá gbogbo kòkòrò mu. Kòkòrò páìnì mìíràn, Dendroctonus valens, tó ti Àríwá Amẹ́ríkà dé Ṣáínà, tí wọ́n rí ní Shanxi ní 1998, tó sì pa àìmọye mílíọ̀nù páìnì níbẹ̀, 3-carene, èròjà mìíràn nínú òórùn oje, ló ń fà á jù lọ. Àwọn kòkòrò mìíràn sì wà tí inú igi gan-an ni wọ́n ń gbẹ́ wọ̀ láti gbin olú tí wọ́n ń jẹ. Irú wọn ló ń lu ihò wínníwínní sára ìtì arère tí a gé tí a kò tètè gbé kúrò nínú igbó nílẹ̀ wa. Ethanol, ọtí tí igi tó ń kú lọ máa ń tú jáde, ni ìdẹ tiwọn. Bí ẹ bá fi alpha-pinene kún un, iye tí ẹ máa rí mú lára àwọn kan, bíi Xylosandrus crassiusculus, á dínkù ni.

Ẹ má sì pẹ́ jù kí ẹ tó kọ́ pàkúté. Kòkòrò páìnì kan, Tomicus piniperda, tí wọ́n rí ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ní 1992, máa ń fò nígbà tí ojú ọjọ́ bá ti tó bí 10 sí 12 lórí ìwọ̀n Celsius, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń wọ ẹ̀wù òtútù.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ń ka ohun tó wà nínú ife pàkúté. Wọ́n á ṣa kòkòrò tí wọ́n ń wá, wọ́n á da ìyókù nù. Lára ìyókù yẹn ni Thanasimus dubius wà, orí rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìlà funfun dábùú ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń pa kòkòrò páìnì jẹ, òórùn kan náà ló sì ń tẹ̀ lé wá. Nínú ìwádìí ìgbà ìrúwé tí Ronald Billings ti Texas Forest Service, àjọ tó ń bójú tó igbó ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń kà. Iye kòkòrò lójúmọ́ nínú pàkúté kan kò tó. Wọ́n tún ń wo ìdá tó jẹ́ ti kòkòrò páìnì nínú àpapọ̀ òun àti Thanasimus, ọ̀tá rẹ̀. Bí ọ̀tá bá pọ̀ jù ú lọ, ewu kéré. Bí kòkòrò bá pọ̀ tí ọ̀tá ò sì tó nǹkan, kí àwọn onígbó tètè múra. Ẹni tó da Thanasimus nù ti da ìdajì ìròyìn nù.

Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa kó ife, kí òkú kòkòrò má baà jẹrà. Ẹ má sì fi ọtí sínú ife láti fi tọ́jú wọn, nítorí ọtí náà ń pe kòkòrò. Bí ife bá ṣófo, ẹ má tíì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kòkòrò ò sí. Ẹ gbé ike òórùn sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ wé ti ọjọ́ tí ẹ kọ́ ọ. Bí kò bá fúyẹ́ sí i rárá, òórùn ò jáde. Bó bá sì ti gbẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ tún ka ọ̀sẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.