Àwòrán kan tí mo sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: bí mo ṣe ṣe ojú ìwé ìtajà géèmù mi lórí Steam

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó àwòrán kan ṣoṣo, èyí tí mo fẹ́ lò lórí Steam, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta géèmù kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ ojú omi kan náà, àtùpà kan náà, odò kan náà lóru. Ayàwòrán àkọ́kọ́ mọṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn; àwòrán rẹ̀ dùn ún wò. Ṣùgbọ́n JPG kan péré ló fi ránṣẹ́, 1920 × 1080 pixel (fífẹ̀ ló ṣáájú, gíga tẹ̀ lé e), gbogbo nǹkan ti lẹ̀ mọ́ra, orúkọ géèmù sì ti wà lórí ìgbòkun ọkọ̀ tí kò ṣeé ṣí kúrò. Nígbà tí mo bèèrè fáìlì PSD (ti Photoshop) tó ní layer, ìyẹn ìpele tí apá kọ̀ọ̀kan àwòrán ti ń dá wà, èsì tí mo gbà ni pé ó ti pa á rẹ́, àti pé a kò kọ ọ́ sínú àdéhùn. Lóòótọ́, a kò kọ ọ́ sí i. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù, torí gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí sílẹ̀.

N kò ní sọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù owó orí, tàbí ibi tí wọ́n ti ń gbé fáìlì sókè. Ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ á rí i. Ibi tí owó àti àkókò ti ń dànù ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán ni pé Steam kì í béèrè àwòrán kan ṣoṣo. Capsule ni wọ́n ń pe àwọn àwòrán tó ń ṣojú fún géèmù níbẹ̀. Header capsule jẹ́ 920 × 430, small capsule 462 × 174, main capsule 1232 × 706, vertical capsule 748 × 896. Ti ojú ìwé ìtajà nìkan nìyẹn. Ti library, ibi tí oníbàárà ti ń rí àwọn géèmù tó ti ní, tún wà: capsule 600 × 900 tó dúró gogoro, hero 3840 × 1240 tó nà gbọọrọ lókè ojú ìwé géèmù, àti logo (orúkọ géèmù tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́) tó máa dá wà nínú PNG tí kò ní ohunkóhun lẹ́yìn. Òmíràn nínú wọn ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, òmíràn sì fẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ. Bí ayàwòrán kò bá ti ní èyí lọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀, gígé ló kù, bí orí ò bá sì lọ, ẹsẹ̀ á lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi bá JPG yẹn jà. Hero ni mo kọ́kọ́ gbé. Ọ̀rọ̀ kankan kò gbọdọ̀ wà lórí hero, torí logo ni wọn yóò gbé lé e, nítorí náà orúkọ géèmù gbọ́dọ̀ kúrò. Mo pa á rẹ́, ihò ńlá sì ṣẹ́ kù lára ìgbòkun àti ìdajì òṣùpá. Gbogbo ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ lẹ́tà ni mo ní láti yà fúnra mi. Mo fi clone stamp, irinṣẹ́ tó ń da apá kan àwòrán kọ síbòmíràn, kó omi láti apá òsì lọ dí apá ọ̀tún, ìgbì kan náà wá ń fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìlà kan. Ẹ sì rántí pé 1920 ni fífẹ̀ àwòrán yẹn, hero ń fẹ́ 3840. Mo fà á ní ìlọ́po méjì, ojú awakọ̀ wá rí bàìbàì bíi pé inú èéfín la ti ń wò ó.

Vertical capsule ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Kí ọkọ̀ tó gùn báyẹn tó lè wọ inú 748, àfi kó kéré, sánmà òfo sì gba ìdajì òkè. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo pa fáìlì náà dé, mo lọ wá ayàwòrán mìíràn. Inú bí mi gidigidi, torí àkókò kò dúró: àyẹ̀wò tí Steam ń ṣe sí ojú ìwé máa ń gba ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ojú ìwé náà sì gbọ́dọ̀ wà ní Coming Soon (“ó ń bọ̀ láìpẹ́”) fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí géèmù tó jáde.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ mi. PSD ni mo fẹ́, kí sánmà, omi, ọkọ̀, awakọ̀, àtùpà àti logo dá wà, layer tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹ̀yìn àwòrán fẹ̀ tó 3840, kí sánmà àti omi sì gùn kọjá ibi tí a nílò ní òkè àti nísàlẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì lórí hero, kó má kọjá 860 × 380 ní àárín, torí ibẹ̀ nìkan ni kì í gé bí fèrèsé bá kéré. Kí n ní àṣẹ láti lo àwòrán fún ìpolówó àti ìwé títẹ̀. Ayàwòrán kejì kò ṣàròyé rárá. Ó ní bí òun ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Small capsule la sì fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àwòrán ńlá. Ìmọ̀ràn tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí nìyí. Steam máa ń sọ ọ́ di kékeré sí i nínú àbájáde ìwákiri, ó lè kéré tó 120 × 45. Mo gbé àwòrán àtijọ́ sí ìwọ̀n yẹn: àtùpà di àmì ofeefee kan, awakọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára lẹ́tà ti pọ̀ mọ́ra wọn. Kò sẹ́ni tó lè ka orúkọ géèmù. A wá pín orúkọ náà sí ìlà méjì, a mú kí lẹ́tà nípọn, a fi àwọ̀ dúdú yí i ká, a sì jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gbogbo àpótí náà. Nínú gbogbo ọkọ̀, imú rẹ̀ àti àtùpà nìkan la fi sílẹ̀. Àwòrán mẹ́ta aláìláwọ̀ ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, mo wò wọ́n ní 120 × 45, mo mú ọ̀kan, ìgbà náà ni àwọ̀ tó wọlé. Ohun tí kò bá hàn ní dúdú àti funfun, àwọ̀ kò ní gbà á là.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àwòrán, orúkọ géèmù àti àkọlé kejì rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ wà lórí capsule. Ẹ má kọ àmì ẹ̀yẹ, ọ̀rọ̀ àwọn aṣàyẹ̀wò tàbí ẹ̀dínwó sí i.

Ní ti àpèjúwe kúkúrú, nǹkan bí lẹ́tà 300 lẹ ní. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ní ayé kan tí òkùnkùn ti borí, ọ̀dọ́ awakọ̀ kan jáde láti wá òtítọ́.” Kò sọ ohun tí ẹni tó bá rà á máa ṣe. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí nìyí: “Wa ọkọ̀ rẹ gba orí odò lóru. Àtùpà ló ń fọ̀nà hàn ọ́, òun náà ló ń pe àwọn olè. Pinnu ìgbà tí wàá tàn án.” Ọ̀rọ̀ ìṣe ló ṣáájú, ewu tẹ̀ lé e, ìpinnu sì kẹ́yìn. Inú mi dùn sí i púpọ̀.

Screenshot gbọ́dọ̀ tó márùn-ún, 1920 × 1080, kó sì jẹ́ ojú eré gan-an, kì í ṣe àwòrán tí a yà lọ́tọ̀. Mo yọ ti menu kúrò. Mẹ́rin tó ṣáájú ni mo ṣà jù, torí bí èèyàn bá gbé mouse lé capsule, àwòrán díẹ̀ péré ló máa rí. Mo jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi nǹkan ọ̀tọ̀ hàn: wíwa ọkọ̀, fífi ara pamọ́, ọjà títà, ìjì. Tag, ọ̀rọ̀ tó ń sọ irú géèmù tó jẹ́, lè tó 20, ẹ fi èyí tó bá géèmù yín mu jù ṣáájú.

Nígbà tí a túmọ̀ géèmù náà sí èdè Faransé, logo nìkan ni a pààrọ̀ lórí layer tirẹ̀, a sì tún gbé gbogbo capsule jáde. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló gbà.