Iná lọ, nọ́ńbà nice náà bá a lọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà Linux kan ṣoṣo la ní ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú. Òun la fi ń ya káàdì ìgbéyàwó nínú Inkscape, òun náà la fi ń fún fídíò òde àríyá pọ̀ nínú HandBrake. Bí HandBrake bá ti bẹ̀rẹ̀, máòsì á máa wọ́ bí ìgbín. Mo fi renice (àṣẹ tó ń yí nọ́ńbà nice padà; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe tóbi tó ni iṣẹ́ náà ṣe ń yàgò fún àwọn yòókù lórí CPU) sún un sí 15, ara ẹ̀rọ yá. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, tá a tan jẹnẹrétọ̀, 0 ni mo tún ń bá lábẹ́ NI (òpó nọ́ńbà nice) nínú top, ètò tó ń to àwọn iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́. Ṣé báyìí ni màá ṣe máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ nìkan ni renice ń bá wí. Ká tiẹ̀ ní iná ò lọ, bó o bá ti HandBrake pa tó o tún un ṣí, PID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ iṣẹ́) tuntun ló máa gbà, á sì jogún nọ́ńbà ẹni tó ṣí i. 0 sì ni ti méńù. Ibi tí wọ́n ti ń ṣí i ni kó o kọ 15 sí. Da fáìlì méńù rẹ̀ kọ sílé tìrẹ:

`mkdir -p ~/.local/share/applications`
`cp /usr/share/applications/fr.handbrake.ghb.desktop ~/.local/share/applications/`

Nínú ẹ̀dà yìí, wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Exec=ghb`, sọ ọ́ di `Exec=nice -n 15 ghb`, má fọwọ́ kan ohun tó kù lórí ìlà náà. Ẹ̀dà tilé rẹ ni méńù ń kọ́kọ́ wò, àpùdéètì ò sì lè pa á rẹ́. Tún HandBrake ṣí, kó o fi `ps -C ghb -o pid,ni,comm` yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè: Backup tó ń lọ lóru ńkọ́? systemd (ètò tó ń gbé àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ Linux dìde) ló ń gbé e dìde.

Ìdáhùn: Ìyẹn rọrùn jù. Tẹ `sudo systemctl edit backup.service` (fi orúkọ tìrẹ sí i), kó o kọ:

`[Service]`
`Nice=15`
`IOSchedulingClass=idle`

Ìgbà tó bá tún bẹ̀rẹ̀ ló máa gbà á. Ìlà tó kẹ́yìn ní kí díìsìkì dá àwọn yòókù lóhùn ná, bó bá jẹ́ BFQ (ọ̀kan lára àwọn ètò tó ń to iṣẹ́ díìsìkì) ló ń ṣètò díìsìkì náà. Fáìlì inú /usr/lib/systemd/system, má dé ibẹ̀. Àpùdéètì á gbá àtúnṣe rẹ dànù.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ fún Inkscape ní -5, ó ní "Permission denied".

Ìdáhùn: Nínú nọ́ńbà nice, -20 ló ga jù nípò, 19 ló rẹlẹ̀ jù. Ẹnikẹ́ni lè rẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n root (ọ̀gá ẹ̀rọ) ló láṣẹ àtigbé e ga. Bó o bá takú, tó bá jẹ́ soobu lo fi ń wọlé, kọ `soobu - nice -5` sí /etc/security/limits.conf, jáde, kó o tún wọlé. `ulimit -e` á sọ 25 fún ẹ. Èmi ò ní ṣe é. HandBrake tó ń jẹ CPU ti wà nísàlẹ̀, ta ni Inkscape tún fẹ́ gun lórí? Bí ètò tó wà ní -5 bá sì ya wèrè, tìyà tìyà lo fi máa rí ọ̀nà pa á.

Ìbéèrè: 15 dúró, àmọ́ iṣẹ́ tí mo ṣí nínú tẹ́mínà ṣì ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn.

Ìdáhùn: Wo /proc/sys/kernel/sched_autogroup_enabled. Bó bá jẹ́ 1, ó ṣeé ṣe kí kernel (ọkàn Linux) ti fi tẹ́mínà náà sí agbo tirẹ̀, inú agbo kan náà sì ni nice ti ń lágbára. Kọ `kernel.sched_autogroup_enabled=0` sí /etc/sysctl.d/90-agbo.conf, tẹ `sudo sysctl --system`, kó o tún iṣẹ́ náà ṣí.