Irun Ojúde Ọba: bí iwájú orí kò ṣe ní pá lẹ́yìn ọdún

Tí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ilé onídìrí kì í gbèrò mọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí, ló ń múra Ojúde Ọba tí í bọ́ sí ọjọ́ kẹta ọdún, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí irun òun tú kó tó di ọjọ́ náà. Ni wọ́n bá ń ní kí onídìrí fà á kó le dáadáa. Ibẹ̀ ni iwájú orí ti ń lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ráhùn pé irun òun kì í hù, irun rẹ̀ ń hù o, bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù. Jíjá ló ń já lẹ́nu, tàbí kí wọ́n máa fà á tu nídìí.

Bí ẹ bá máa fi rìláásà sí i, ẹ ti ṣe é tán ní ọ̀sẹ̀ 2, ó kéré tán, kí ẹ tó dirun. Rìláásà máa ń sọ irun di ẹlẹgẹ́. Tí átáṣímẹ́ǹtì tó wúwo bá tún gùn ún, yóò já. Irun tuntun tó hù nídìí nìkan ni kó kàn, kì í ṣe èyí tó ti jẹ rìláásà tẹ́lẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹ má họ orí ní ọjọ́ méjì mẹ́ta ṣáájú, torí ojú ibi tí ẹ bá họ ni yóò jó. Ẹ fi fásílììnì pa etí irun yíká. Àwọn kan gbà pé àfi tó bá ta kó tó ṣiṣẹ́. Irọ́ ni. Tó bá ti ń ta, awọ orí ló ń jó yẹn: ẹ ṣàn án kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí àsìkò tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀ kò tiẹ̀ tíì pé.

Ẹ fọ irun lọ́jọ́ tó ṣáájú dídì. Ọmọ ìka ni ẹ fi máa fọ awọ orí, ẹ má fi èékánná. Ẹ fi kọ́ndíṣọ́nà sí i fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ pín in sí mẹ́rin, kí ẹ fi òòyà tí eyín rẹ̀ fẹjú yà á láti ẹnu irun, kí ẹ máa bọ̀ wá sí ìdí díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti ìdí bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló ń ti gbogbo kókó jọ sójú kan. Dípò kí ẹ fi ooru dráyà nà án, ẹ fi òwú dúdú kó o sùn mọ́jú. Irun kíkó tí àwọn ọmọge ń pè ní ti ìyá àgbà yìí ń na irun láìsí iná, ó sì yẹ ká máa lò ó sí i.

Átáṣímẹ́ǹtì tó máa ń mú orí yúnni, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ da fínígà díẹ̀ sí, ẹ ṣàn án, ẹ sá a kó gbẹ.

Níbi dídì, ẹ sọ fún onídìrí pé kó fi irun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ iwájú sílẹ̀, kó má fi kún un rárá. Ẹ wò ó nínú dígí: tí ẹ kò bá lè gbé ìpéǹpéjú sókè ní ìrọ̀rùn, tàbí tí awọ tó yí ìdí irun ká bá wú bíi rorẹ́ kéékèèké, ó ti le jù. Ẹ má gbé oògùn ìrora mì. Ẹ tú àwọn ti iwájú lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n tún un dì. Fífà tó ń bá a lọ lọ́dọọdún ni í pa ìdí irun, ibi tó bá sì ti ń dán bọ̀rọ́, irun kì í sábà hù padà níbẹ̀.

Gèlè líle náà ń ṣe tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ we síkáàfù sátíìnì sábẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí etí gèlè jókòó sórí etí irun gangan, kí ẹ sì tú u tí ẹ bá ti délé. Sátíìnì náà ni kí ẹ máa fi sùn. Aṣọ òwú máa ń fa òróró irun mu.

Lẹ́yìn ọdún, ẹ má jẹ́ kí irun dídì náà pẹ́ lórí ju ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ fi ṣàmúpù tí ẹ fi omi là fọ awọ orí ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ó gbẹ dénú, pàápàá lásìkò òjò. Tí ẹ bá ń tú u, ẹ fi òróró àgbọn pa ìdí rẹ̀ níbi tí ìdọ̀tí ti dì, kí ẹ yà á tán kí omi tó kàn án. Tí omi bá ṣáájú òòyà, yóò lọ́ pọ̀. Ẹ má bẹ̀rù irun tó bá jáde: 50 sí 100 ló ń bọ́ lójúmọ́, inú dídì ni wọ́n há sí. Ẹ wo ìdí ọ̀kan. Tó bá ní kókó funfun kékeré, ó bọ́ fúnra rẹ̀ ni. Tó bá kúrú tí kò ní kókó, jíjá ni, a jẹ́ pé ó gan tàbí wọ́n fà á jù. Ẹ fi orí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹ tó tún dì í.

Bí iwájú bá ti ń fà sẹ́yìn, ẹ má ra òróró kan tó ń ṣèlérí ìyanu. Ẹ dá dídì dúró, kí ẹ lọ rí dókítà awọ ara nílé ìwòsàn ńlá bí èyí tó wà ní Ṣágámù, nígbà tí ihò irun ṣì hàn.