Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Ń Jẹ Táyà Ọkọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́ Kan Kí A Tó Ṣe Aláínmẹ́ǹtì

Ìṣó ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà kan ní Pańṣẹ́kẹ́, ní Abẹ́òkúta, lọ́dún tó kọjá. Ọkọ̀ mi kò tíì pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ṣe é, n kò sì rò pé ohun kan ń ṣe é ju táyà ẹ̀yìn tó jò lọ. Nígbà tí ọkùnrin náà yọ táyà ọ̀hún tó sì yí i padà, ojú tó kọ síta ṣì ní eyín dáadáa, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti inú ti jẹ débi pé wáyà ti ń yọ jáde bí ẹ̀gún tín-ín-rín. Táyà yẹn kan náà ni mo fi kó ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ sí Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Bí mo bá rántí rẹ̀, àyà mi ṣì máa ń já.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ ẹnikẹ́ni tí táyà ọkọ̀ rẹ̀ bá ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan pé kó má ṣe kọ́kọ́ sáré lọ ra òmíràn, kó má sì ṣe sáré lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí táyà lè dúró bó ṣe yẹ. Ẹ kọ́kọ́ wo táyà tó ti jẹ náà fínnífínní, torí ara rẹ̀ ni a ó ti mọ ohun tó ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ra tuntun láì wá ìdí rẹ̀, oúnjẹ míràn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bù fún ohun tó ń jẹ ti àkọ́kọ́.

Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ní òwúrọ̀, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì rìn tí táyà sì tutù. Iye tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni wọ́n kọ sára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ó máa ń wà láàárín 30 sí 36 PSI (òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà), ti iwájú àti ti ẹ̀yìn sì lè yàtọ̀ síra. Iye tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ ó lò, torí ìyẹn ni òpin ohun tí táyà lè gbà. Ẹ má sì gbára lé iná ìkìlọ̀ tó wà níwájú awakọ̀ nínú ọkọ̀ ìgbàlódé, nítorí afẹ́fẹ́ lè dín kù tó láti ba táyà jẹ́ kí iná náà tó tàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní ìlú olókè bíi tiwa. Ẹ fa búrẹ́ẹ̀kì ọwọ́, kí ẹ fi òkúta dí àwọn táyà ẹ̀yìn, kí ẹ sì yí sítíárìn dé òpin kí inú àwọn táyà iwájú lè hàn síta. Ti ẹ̀yìn kò ní yí, ìdí nìyẹn tí àṣírí rẹ̀ fi ń pẹ́ kó tó tú. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó láti abẹ́, tàbí kí ẹ na fóònù sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ ya fọ́tò. Bí etí méjèèjì bá jẹ tí àárín sì nípọn, afẹ́fẹ́ ti ń kéré jù láti ọjọ́ pípẹ́. Bí àárín nìkan bá jẹ, ó ti ń pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló jẹ, yálà ti inú tàbí ti ìta, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó dúró sí.

Àtẹ́lẹwọ́ yín yóò sọ èyí tó kù. Ẹ rọra fi ọwọ́ ra ojú táyà láti ìta lọ sí inú, kí ẹ tún fà á padà láti inú bọ̀ síta, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé wáyà kò yọ níbẹ̀. Bí ó bá ń dán nígbà tí ẹ lọ, tó sì ń họ yín lọ́wọ́ bí eyín ayùn nígbà tí ẹ ń bọ̀, àwọn táyà náà kò kọjú síwájú gbọọrọ mọ́: bóyá imú wọn ń wo ara wọn, bóyá wọ́n ń wo ìta. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní toe nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní camber ni bí táyà ṣe dàgẹ̀rẹ̀ sí inú tàbí sí ìta láti òkè dé ilẹ̀, òun sì máa ń jẹ etí kan láì mú eyín ayùn wá. Bí ọwọ́ bá bá gegele àti kòtò káàkiri ojú táyà, ẹ fura sí ṣọ́ọ̀kì tó ti kú tàbí táyà tí wọn kò bálánsì.

Ẹ wọn jíjìn eyín táyà ní inú, ní àárín àti ní ìta, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Táyà tuntun máa ń ní nǹkan bíi mìlímítà 8. Àwọn kókó kéékèèké tó wà nínú ihò eyín rẹ̀ wà ní mìlímítà 1.6, bí ojú táyà bá sì ti bá wọn dọ́gba, ó ti parí. Èyí tí wáyà rẹ̀ ti yọ, ẹ má ṣe gbé e dé òpin àdúgbò.

Ẹ̀yìn tí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n tán ni ó kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tó ń ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi jáàkì gbé e sókè, kó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kó mì í, lẹ́yìn náà kó dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì. Èyí tó bá ń gbọ̀n lókè àti nísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì rẹ̀ (oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀) tàbí béárìnì ti lọ. Èyí tó ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́, táì-rọ́ọ̀dù, irin tí sítíárìn fi ń yí táyà, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kó wo búṣìn náà, rọ́bà tó wà láàárín àwọn irin, bóyá ó ti ya. Kòtò kan ṣoṣo tí a já sí lórí ìrìn lè tẹ apá irin abẹ́ ọkọ̀, ìbáà jẹ́ àná la gbé ọkọ̀ náà jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ohunkóhun tó bá ti jẹ ni kí wọ́n pààrọ̀ kí ẹ tó dé ibi aláínmẹ́ǹtì, torí ẹ̀rọ kò lè to ẹsẹ̀ tó ń mì.

Bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ rántí pé àwọn ọ̀nà wa máa ń dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún kí omi òjò lè ṣàn, nítorí náà fífà díẹ̀ sọ́tùn-ún kì í ṣe àìsàn. Bí ó bá pọ̀, ẹ pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì sí ipò ara wọn, bí wọn kì í bá ṣe èyí tó ní ọfà lára tó ń sọ ibi tó gbọ́dọ̀ máa yí sí. Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí òdìkejì, táyà ló lẹ́bi.

Ibi aláínmẹ́ǹtì gan-an ni wọ́n ti fi àkókò mi ṣòfò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé iṣẹ́ kan to táyà iwájú fún mi, tí wọ́n gba owó, tí wọn kò sì fọwọ́ kan ẹ̀yìn rárá, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń jẹ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé ni táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá rìn, tó sì ní ibi tí wọ́n ti ń yí i padà; ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ sọ pé kí wọ́n wọ̀n. Kí wọ́n mú irú ọkọ̀ yín àti ọdún tí wọ́n ṣe é nínú kọ̀ǹpútà wọn, kí wọ́n mú sítíárìn dúró gbọọrọ, kí wọ́n sì tẹ ìwé méjì fún yín: ọ̀kan ṣáájú iṣẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, pupa ni ohun tó ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, àwọ̀ ewé sì ni ohun tó tọ́. Bí wọ́n bá sọ pé camber kò ṣeé yí lára ọkọ̀ yín, ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá pupa, ó ṣeé ṣe kí irin kan ti tẹ̀ níbìkan, wíwá a rí ló kù. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi iná yọ́ irin náà tàbí kó fi òòlù tò ó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá ọkọ̀ yín nílò kí wọ́n tún sẹ́ńsọ̀ sítíárìn, èyí tó ń mọ bí sítíárìn ṣe yí, tò, àti bóyá kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú, èyí tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà, nílò àtúntò.

Nígbà náà ni kí ẹ ra táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àkọlé DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2219 ni ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2019. Ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ inú táyà tòkunbọ̀ wò dáadáa, torí pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dán ló lágbára. Méjì lẹ bá lè rà, ẹ fi wọ́n sẹ́yìn, kí ìdí ọkọ̀ má baà yọ̀ lójú òjò. Lẹ́yìn náà, ní ìwọ̀n kìlómítà 8,000 sí 10,000, ẹ máa pààrọ̀ ipò wọn. Bí ó bá jẹ́ pé iwájú ló ń fa ọkọ̀, ti iwájú á lọ sẹ́yìn tààrà, ti ẹ̀yìn á sì gba òdìkejì bọ́ síwájú. Èyí tó ní ọfà, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kó wà.

Bí ẹ bá ti rin kìlómítà 1,000, ẹ tún wọn ojú mẹ́ta yẹn. Tèmi, apá irin ẹ̀yìn lápá òsì ló ti tẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n to ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ra táyà méjì, mo sì wọ̀n wọ́n lẹ́yìn oṣù kan nínú ọgbà ilé mi ní Ọ̀bàntòkò: inú, àárín àti ìta bá ara wọn mu.